Ọ̀gágun Kò Sí Lórí Ìjókòó

Ọjọ́ Jímọ̀, 4 oṣù kẹfà, 1976

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde fún ìwé yìí pé bàtà mi ẹsẹ̀ òsì di àwátì lónìí ní Mẹ́kà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí tó tóbi jù láyé. Ọmọ oṣù mẹ́fà ni. Ó fi ìkejì rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún, sílẹ̀ sáyé lọ.

Ẹni tó mú un kò mú ìkejì. Mo ti rò ó títí. Bóyá ẹlẹ́sẹ̀ kan ni. Bóyá olè tó bẹ̀rù Ọlọ́run níwọ̀nba ni.

Àlàájà Sàrátù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Al-Sabeel, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, ní kí n má banú jẹ́. Wọ́n ní ohun téèyàn bá sọnù ní ilẹ̀ mímọ́, Ọlọ́run á fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé bàtà tó tóbi jù mí lọ ni. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́, ibi tí mo dúró sí kì í ṣe ilẹ̀ àwàdà.

Ohun tí mo bá lọ gan-an: ìwé ni mo lọ tọrọ. Mo sin ìyá mi wá sí hájì lóṣù kejìlá tó kọjá. Ìyá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú padà. Èmi ò wọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti wà ní Jẹ́dà láìní ìkáámà, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kí àlejò gbé ìlú yìí kó sì ṣiṣẹ́ láìmáa wẹ̀yìn. Àdúrà mi kò ju gbólóhùn kan lọ. Ìgbà tí mo jáde ni mo rí i pé bàtà ti di ẹyọ kan.

Nígbà tí à ń padà, ọlọ́pàá dá mọ́tò wa dúró lójú ọ̀nà. Ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ. Kò béèrè nǹkan kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé: bàtà náà kò kú lásán.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù kẹfà

Iṣẹ́ ńlá wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ṣọ́ọ̀bù Abdulghafur ni, nínú Al-Balad, àárín ìlú àtijọ́, níbi tí à ń kọ pátákó fún àwọn olùtajà. Pólì ní Ìbàdàn fún mi ní dípúlómà nínú yíya àwòrán ilé. Ohun tí mo ń fi í ṣe ni kíkọ “Adìyẹ Tútù” àti “Dókítà Eyín” ní Lárúbáwá. Ọ̀gá mi á kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tò ó, èmi á wá fi ọ̀dà tẹ̀ lé e láti ọ̀tún. Mo ti ṣèèṣì gbé pátákó àwọn méjèèjì fún ara wọn lẹ́ẹ̀kan. Dókítà náà sọ pé èrò pọ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Òyìnbó Amẹ́ríkà kan ló wọlé, láti Obhur, níbi tí ilé-iṣẹ́ wọn kọ́ ilé sí létí òkun fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé fìlà kan dání bí ẹni gbé ẹyin: fìlà onígun mẹ́ta, tó ní ìyẹ́ lórí. Ó rọra gbé e ka orí tábìlì. Láti òní lọ, Onígun-mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Ó ní lọ́jọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀, yóò pé igba ọdún tí Amẹ́ríkà sọ fún ọba Ìlú Ọba pé àwọn ò sìn ín mọ́. Ọba ò gbà. Wọ́n jà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fẹ́ àwòrán ọjọ́ tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì túúbá ní Yorktown, lórí pátákó tó ga ju èèyàn lọ, tó fẹ̀ tó ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn ọmọ wọn rí i lọ́jọ́ àjọ̀dún.

Mo sọ fún un pé àwa náà gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Inú rẹ̀ dùn. Ó bi mí pé ọdún mélòó la fi jà. Mo ní a kọ lẹ́tà, a ṣe ìpàdé, a tún kọ lẹ́tà, wọ́n sì ní ká wá gbà á lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá. Ojú àánú ló fi wò mí.

Mo wọn ògiri, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì ya bí pátákó náà ṣe máa rí sẹ́yìn ìwé kan, pẹ̀lú òdiwọ̀n rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Ó ní níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo sọ. Ó ní àwọn ayàwòrán ilé wọ́n ní ọ́fíìsì òun débi pé òun fúnra òun ló ń ya gọ́tà. Ó wá béèrè ìkáámà mi.

Mo wo fìlà. Abdulghafur wo òrùlé.

Onígun-mẹ́ta mi orí. Ó ní kí n ya èyí kó dáa, kí àwọn ọ̀gá òun fojú ara wọn rí i lọ́jọ́ náà, òun á ní kí wọ́n wá ìwé fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹfà

Mo sọ fún Àlàájà. Wọ́n ní bàtà náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹfà

Abdulghafur gba iṣẹ́ náà, ó sì fi òfin kan tì í: kò sí ojú. Ó ní òun ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ya ojú ohun ẹlẹ́mìí nínú ṣọ́ọ̀bù òun, kí wọ́n má lọ ní kóun wá fi ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ó ní tòun gan-an ń rẹ òun.

Nítorí náà: ẹ̀wù wà. Bàtà wà. Idà wà, ìlù wà, ẹṣin kan tó kọ ẹ̀yìn sí wa wà. Ojú kò sí. Mo ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì, aláwọ̀ aró lápá ọ̀tún, aláwọ̀ pupa lápá òsì, gbogbo wọn parí sí ọrùn. Ó jọ àwọn ìpàdé kan tí mo ti lọ.

Onígun-mẹ́ta yá mi ní ìwé ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó sọ̀tàn ogun náà, kí n má baà ṣi bọ́tìnì wọn kà.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹfà

Ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ já sìmẹ́ńtì pọ̀ lójú òkun débi pé hẹlikópítà ni wọ́n fi ń gbé e wálẹ̀ báyìí. Owó epo ń kọ́lé ju bí èbúté ṣe ń gbà lọ. Èkó tí mo fi sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ló tò síwájú rẹ̀ náà. Mo ti ń fura pé èmi ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹfà

Wọ́n mú Àjàmú.

Àjàmú ará Ìwó, tá a jọ ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn ilé Àlàájà. Mọ́tò ló ń fọ̀ fún àwọn èèyàn. Ó jáde láàárọ̀ lọ ra búrẹ́dì, pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Jíìpù kan dúró. Ìwé dà? Ìwé ò sí. Kó tó di ìrun Àsárì, ó ti wà ní tàríìlì, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí kò níwèé sí títí ọkọ̀ òfuurufú á fi wá kó wọn.

Àlàájà gbé oúnjẹ lọ fún un. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì bá wọn pè é kó wá kí wọn láti ẹ̀yìn irin. Ó ní ara òun le. Ó ní ibẹ̀ tutù ju yàrá wa lọ. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi kí n má jẹ́ kí bàtà òun ṣòfò.

Ẹsẹ̀ òsì mi ti di ti Àjàmú báyìí. Tirẹ̀ pupa rúsúrúsú, tèmi dúdú. Tirẹ̀ fi díẹ̀ tóbi. Ó ń dún bí mo bá ń rìn. Mo fẹ́ kọ ọ́ bí àwàdà, kò gbà.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹfà

Onígun-mẹ́ta ní kí n lọ rí Fadl. Fadl ló ń sáré ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Kò sí òǹtẹ̀ tí kò mọ ibi tó ń sùn. Ọmọ Jẹ́dà ni, àmọ́ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá sí hájì tí kò padà.

Mo kí i ní Yorùbá, mo sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó dá mi lóhùn ní Lárúbáwá pé òun ò gbọ́. Mo wá fi Lárúbáwá mi tó ń tiro sọ pé ìkáámà ni mo ń wá. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń wá a. Ó ní mùdíìrì, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí i, kò sí lórí ìjókòó. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún, ó lọ tọ́jú ẹ̀yìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní ìgbà wo ló ń bọ̀. Ó gbé ojú sókè, ó ní inṣá Àlááù. Ó wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì padà sídìí fáìlì rẹ̀.

Mo délé, mo rò ó. Àlàájà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó.

“Fadl ọmọ Mabruka? Tí mo wẹ̀ fún ogójì ọjọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn? Yorùbá ló fi ń sunkún nígbà náà.”

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kẹfà

Lónìí mo dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ẹ̀sìn àti ìtàn.

Àárín pátákó ni ọ̀rọ̀ wà, níbi tí ọ̀gá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń túúbá. Mo ya ọ̀gágun Amẹ́ríkà lóòró. Mo ya ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀: àyà kan ilẹ̀, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ nà tán, fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn jà, wọ́n nà án, ó ń bẹ̀bẹ̀; báwo ló tún ṣe fẹ́ ṣe é? Nílé wa, tó bá dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀, ìjà ò tíì parí.

Abdulghafur wọlé. Ó ní àsítàgàfùrúlà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ta ni ọkùnrin yìí ń kírun sí. Mo ní kì í ṣe ìrun, ìkíni ni. Ó ní ẹni tó bá fi iwájú orí kan ilẹ̀ fún èèyàn ẹlẹ́ran ara ti bá nǹkan jẹ́. Mo ní iwájú orí rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Kò ní orí; òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má yà á. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ibi tí oòrùn wà, ó ní kò tiẹ̀ wá kọjú sí Kíbúlà.

Àárín èyí ni Onígun-mẹ́ta dé. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé àbùkù ẹlòmíì fún. Ó ní ẹnikẹ́ni ò dọ̀bálẹ̀ ní Yorktown. Ó ní ká sọ tòótọ́, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kò tiẹ̀ wá. Ó ránṣẹ́ pé ara òun ò yá, ó ní kí igbákejì òun gbé idà lọ. Igbákejì fẹ́ gbé e fún àwọn ará Faransé tó wá ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Àwọn yẹn nawọ́ sí ọ̀gágun Amẹ́ríkà. Ọ̀gágun Amẹ́ríkà ní igbákejì ò lè bá òun ṣe é, ó nawọ́ sí igbákejì tirẹ̀. Bí ogun tó bí orílẹ̀-èdè wọn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn, láàárín igbákejì méjì.

Mo bi í pé ṣé wọ́n kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ó ní ó ṣeé ṣe.

Mo ti mọ ọ̀gágun náà. Kò sí ọ́fíìsì tí mo wọ̀ láti Ìbàdàn títí dé Jẹ́dà tí mi ò ti bá àga rẹ̀ pàdé. Ọ̀gágun kò sí lórí ìjókòó, ẹ padà wá lọ́la. Mo pa ẹni tó dọ̀bálẹ̀ rẹ́, mo ya igbákejì méjì tí ò wo ara wọn. Ó rọrùn, wọn ò ní ojú.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù kẹfà

Bọ́tìnì ni mo ń wá nínú ìwé ọmọ Onígun-mẹ́ta. Mo rí nǹkan mìíràn.

Ìpínrọ̀ kan péré ni, láàárín àwòrán ọkọ̀ ojú omi àti àwọn ìbéèrè fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní nígbà ogun náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ẹrú tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ ọlọ̀tẹ̀, tó sì wá bá àwọn, á di òmìnira. Àwọn èèyàn dúdú sá lọ bá wọn lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fìdí rẹmi, ọ̀gágun Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dá ẹrú àwọn padà. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ní New York ní rárá, a ti ṣèlérí. Wọ́n kọ ìwé fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹni, àti pé ó lè lọ síbi tó bá wù ú. Ó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn tó wọkọ̀ lọ sí Nova Scotia, níbi tí òtútù ti gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú wọn wọkọ̀ wá sí Áfíríkà, wọ́n sì tẹ Freetown dó.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń jà fún òmìnira ń béèrè ẹrú wọn, àwọn tó ń jà fún ọba sì ń kọ ìwé òmìnira. (Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń fi ẹrú gbin ìrèké ní erékùṣù tiwọn lọ́jọ́ kan náà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbéra ga.) Mi ò ní sọ fún Onígun-mẹ́ta. Fìlà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ìwé dúró síbẹ̀. Èyí tó kù, ilé wa ni mo ti gbọ́ ọ. Bàbá bàbá ìyá mi, ogun kó o, wọ́n tà á, wọ́n dì í sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì já gbogbo wọn sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti dàgbà, tó ń kírun, tó sì ń ránṣọ. Ibẹ̀ ló ti padà wá sí Èkó, tí wọ́n ń pè é ní Sàró. Ọwọ́ agbòòrùn rẹ̀ ṣì wà nílé wa.

Tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ síwèé ní New York lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ìlú wo ni wọn ì bá já a sí? Ta ni ì bá jókòó sí Al-Sabeel lónìí, tí á máa ka bọ́tìnì?

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn tí apá ibi tí wọ́n wà pàdánù ogun, tí àwọn sì borí. Nítorí bébà.

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù kẹfà

Mo fi ọkùnrin kan kún pátákó. Etí òsì, lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́wù pupa. Kò gbé ìbọn. Ó na bébà kan síwájú bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Abdulghafur ní ta nìyí. Mo ní ará ilé wa ni. Kò bèèrè mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù kẹfà

Jíìpù wà lẹ́nu àdúgbò lójoojúmọ́ báyìí. Mo ń gba ẹ̀yìn ilé dé ẹ̀yìn ilé lọ síṣẹ́. Ewúrẹ́ kan ti mọ̀ mí.

Fadl wá wo pátákó fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kò sóhun tó burú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní Lárúbáwá, ó ní kí n má fi ọkàn sí àwòrán: iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún ilé-iṣẹ́ láyè láti mú wọlé, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àyè ayàwòrán ilé sì ti tán. Mùdíìrì ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì san. Mo ṣàlàyé ọkùnrin etí pátákó fún un, nítorí ó ń wò ó. Mi ò mọ̀ bóyá Lárúbáwá mi gbé e dé ibi tó ń lọ. Ó ká apá gòwù rẹ̀, ó lọ.

Àlàájà ní tí kò bá bọ́ sí i, kí n tẹ̀ lé ọkọ̀ tí yóò gbé Àjàmú, ká ṣe é ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Wọn kì í sọ nǹkan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́rú, 30 oṣù kẹfà

Onígun-mẹ́ta wá gba iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí ọmọ ogun mẹ́tàdínlógún tí kò lórí. Mo ti múra láti bẹ̀ ẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ká pe káfíńtà: ká gé ihò sí ibi tí ojú yẹ kó wà, kí àwọn àlejò máa dúró lẹ́yìn pátákó, kí wọ́n máa yọ ojú tiwọn síta, ká máa ya wọ́n ní fọ́tò.

Abdulghafur ro ẹjọ́ náà bí ìdajì wákàtí. Ìdájọ́ rẹ̀: ojú tí Ọlọ́run dá, nínú ihò tí èèyàn gé, kò kan ṣọ́ọ̀bù òun.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù keje

Kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lọ́rí gbé pátákó lọ sí Obhur lọ́sàn-án, lóòró, wọ́n fi okùn dè é. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí n dì í mú, àti nítorí nǹkan mìíràn. Ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, ọlọ́pàá rí odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì tí kò lórí. Kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ìkankan nínú wọn. Mo rí ẹ̀wù ọlọ́pàá rẹ̀ láti inú ihò kan. Mo di èémí mú títí òórùn òkun fi dé.

Wọ́n na àsíá síbi gbogbo. Àlàájà dé pẹ̀lú àkàrà tí Onígun-mẹ́ta bẹ̀ wọ́n fún. Ó tán kí wọ́n tó ṣí orin orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní kò sí ọtí. Omi èso kan wà nínú ike ńlá. Omi èso náà mú kí ọkùnrin kan fi omijé sọ̀rọ̀ nípa ajá tó ní nígbà èwe.

Pátákó gbayì. Wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Gẹ̀ẹ́sì kan wà láàárín wọn, ẹni tó ń wọn ilẹ̀; wọ́n rọ̀ ọ́ títí ó fi ki orí bọ ihò igbákejì tó ń gbé idà sílẹ̀. Ó gbé idà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá fún fọ́tò. Ó ní wọn ò tíì ṣẹ́gun òun tó báyìí rí. Àwọn ọmọdé yọ ojú níbi tí ọ̀gágun wà. Obìnrin méjì gba ẹṣin.

Ihò kan ló ṣófo títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Etí òsì. Wọn ò mọ ẹni tó jẹ́.

Ọmọ Onígun-mẹ́ta, ẹni tó ni ìwé, ló mọ̀ ọ́n. Ó sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní ojú ewé báyìí báyìí ni. Ó ṣí fìlà onígun mẹ́ta náà kúrò lórí, ó dì í mú. Ó ní ìwé tí òun fi jáde ilé-ìwé kò ní ojú ewé yẹn. Mo ní ti ọmọ rẹ̀ ní in. Ó ronú sí ìyẹn, ó sì jọ pé ó tù ú nínú.

Fadl dúró nítòsí, pẹ̀lú àwọn ọ̀gá. Àlàájà pè é, níṣojú gbogbo wọn. Wọ́n ní, “Ọmọ Mabruka, gbogbo ayé ti ki orí bọ̀ ọ́. Ihò yẹn ń dúró de ta ni?”

Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó yí pátákó po. A rí ìsàlẹ̀ gòwù rẹ̀ funfun lábẹ́. Ojú rẹ̀ yọ lórí ẹ̀wù ọkùnrin tó na ìwé. Ó bá a mu débi pé ẹni tó di kámẹ́rà mú gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ orí, ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀, ní Yorùbá, Yorùbá Ìlọrin tó dán:

“Lìádì, ìwé yìí kò lóǹtẹ̀.”

Mo ní mi ò lóǹtẹ̀ ni. Ó jáde síwájú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Kì í rìn láìmú òǹtẹ̀ dání. Ó fi ẹnu mí sí i lẹ́ẹ̀mejì, hàá, hàá, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tí mo yà. Ó dúró wò ó. Ó ní:

“Bàbá mi náà ò níwèé nígbà tó dúró sí ìlú yìí. Ta ló mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fún un.”

Àlàájà fi ìborùn bo ojú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n.

Fadl padà sí Lárúbáwá bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n mú páásípọ́ọ̀tù àti fọ́tò mẹ́rin wá. Mo ní mùdíìrì ń kọ́. Ó ní kò sí lórí ìjókòó, igbákejì rẹ̀ á fọwọ́ sí i. Mo ní ṣebí àyè ayàwòrán ilé ti tán. Ó ní àyè kan kù tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Mo ní iṣẹ́ wo ni. Ó ní kí n má bèèrè.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù keje

Mo ya fọ́tò mẹ́rin. Nínú gbogbo wọn, mo jọ ẹni tí wọ́n ń wá.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù keje

Igbákejì kò sí lórí ìjókòó. Igbákejì igbákejì wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù keje

Ó dé.

Mo ń kọ èyí pẹ̀lú ọwọ́ kan, èkejì ò fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ìwé kékeré. Ojú mi wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ gba ìdajì àgbọ̀n mi. Láti Al-Balad, mo fẹsẹ̀ rin títì ńlá dé Al-Sabeel, mo rọra ń rìn. Jíìpù wà níbẹ̀. Mo kọjá níwájú rẹ̀. Wọn ò béèrè. Mo padà, mo tún kọjá. Wọn ò béèrè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mí.

Àlàájà fi ẹnu kò ó, wọ́n gbé e ka orí, wọ́n ní kí n fi síbi tí eku ò ní dé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ a ó lọ sí Mẹ́kà. Gbólóhùn kan náà ni mo ní láti sọ, èyí tí a fi ń dúpẹ́. Bàtà mi á wà lábẹ́ abíyá mi. Mo ti kọ lẹ́tà sí Àjàmú ní Ìwó, ibi tí ọkọ̀ òfuurufú dá a padà sí, pé kó jọ̀wọ́ bàtà náà fún mi pátápátá, àti pé ọ̀nà ìwé ti wà. Kó múra hájì tó ń bọ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ sáré lọ bá Fadl.

Fadl fi lẹ́tà ilé-iṣẹ́ kan há inú ìwé náà. Mi ò tíì kà á fún Àlàájà. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí ní èdè wa, láìyọ nǹkan kan kúrò:

ÌFITÓNILÉTÍ

Láti ọ́fíìsì mùdíìrì (kò sí lórí ìjókòó). Sí Lìádì Bùsàrí, ọmọ Nàìjíríà.

A fi àsìkò yìí sọ ọ́ di mímọ̀ fún ọ pé ilé-iṣẹ́ yìí ti gbà ọ́ síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí darandaran, ìpele kejì. Ilé-iṣẹ́ yìí kò ní àgùntàn. Nítorí náà, kí o wá sí yàrá àwọn ayàwòrán ilé lọ́la, láago méje òwúrọ̀, pẹ̀lú rúlà tìrẹ. A kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí bàtà rẹ̀ kò bára mu wọ ibi iṣẹ́.

Iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́ nìyí. Láti Ọjọ́rú tó kọjá, ilé-iṣẹ́ yìí ti di alájọṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, àwọn ọ̀gá wọn sì ń bá mùdíìrì bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n tó dé, kí o fi ọ̀dà aró kun gbogbo ẹ̀wù pupa tó wà lára pátákó tí o yà, kí ó lè hàn gbangba pé ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn, àti pé ìjà kankan kò wáyé. Kí o má fọwọ́ kan ọkùnrin tó mú ìwé dání. Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ wà lára ìwé rẹ̀. Ìwé náà péye.

Fún igbákejì mùdíìrì: igbákejì igbákejì.